Ta Ló Fún Un Láṣẹ Láti Máa Pè Mí Ní "Ìwọ"?

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un níléèwé. Ó kọ "k" kan tó kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Ó wò ó. Ó di ìkúùkù, ó gbá orí ara rẹ̀, ó sì wí pé, "Àgbàlagbà òmùgọ̀! Kò sí nǹkan tó o mọ̀ ọ́n ṣe!"

Kò tíì pé ọmọ ọdún méje.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Alaba dé ni, níbi tó ti ń ta fáànù àti wáyà iná, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ọmọ mi àgbà nìyẹn. Òun àti èmi la jọ gbọ́ ọ. Èmi ló wò, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ, torí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yìí tó lè kọ́ ọmọdé ní gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ sí ara mi, sókè, bí mo bá da omi gbígbóná sí ògì tí kò sì dì, bí mo bá ń wá awò ojú mi kiri nígbà tó wà lórí mi, bí kọ́kọ́rọ́ bá kán mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo ń pe ara mi.

Ọmọ náà lọ bọ́ aṣọ iléèwé rẹ̀ ní yàrá.

"Dádì, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́."

"Ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò bú èmi rí. Ẹ ò sì bú òun náà. Ṣùgbọ́n ara yín tí ẹ ń bú yìí, etí wa ló ń bọ́ sí. Tí táàmù yìí bá fi parí tí kò tíì yí padà, lẹ́sìnnì ní Okokomaiko ni màá máa fi í sí títí màá fi ti ọjà dé. Mi ò fẹ́ kó dàgbà sínú ẹ̀."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Iba ni mo ń gbé, nínú ilé tí èmi àti ìyá wọn jọ kọ́. Ọmọ náà ló ń yà sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ tí iléèwé bá ti jáde. Kó tó dé, ilé a dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń mí. Bó bá ti dé, báàgì á bọ́ sílẹ̀, bàtà kan á lọ sábẹ́ àga, èkejì á wà níta, a ó sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ohun tí a ó jẹ. Bí wọ́n bá gba ọ̀sán yẹn lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí ọjọ́ mi yóò fi yàtọ̀ sí òru.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. N kò fi èébú kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti gbà tipẹ́ pé ẹni tó bá le mọ́ ara rẹ̀ kò ní ráyè le mọ́ ẹlòmíràn. Mo kà á sí ìwà rere. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, èébú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń dá a lóhùn. Mo lè wà ní pálọ̀ kí n wí pé, "Òmùgọ̀ ni mí o," yóò ti ilé ìdáná fèsì pé, "Ẹ má bú ọkọ mi fún mi o! Kí ló ṣe fún yín?" Bí mo bá tún un sọ, á ní ẹni tó bá tún bú ọkọ òun lónìí, ebi ni yóò sùn. Màá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, n kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tó lọ tán, èébú náà ló ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú mi, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó.

Ọmọbìnrin mi gbọ́ nípa kíláàsì kan lẹ́nu oníbàárà rẹ̀, ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láìkọ ohunkóhun mọ́ ọn. Òkè ilé kan ni ní Iyana-Iba, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bí èèyàn bá jókòó, á máa gbọ́ ẹ̀rọ wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ tó ẹgbẹ́ ọmọbìnrin mi, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gba tọkọtaya àti òbí nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ tí kì í pani lára ló pe ohun tó ń kọ́ wa. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dìjà, kí èèyàn kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láìdá ẹjọ́ mọ́ ọn. Kó sọ ohun tó ń ṣe é. Kó sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá. Lẹ́yìn náà kó wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan pàtó, kó sì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí a ń bẹ̀ lè kọ̀. Ó ní inú ara ẹni ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ láyé ni ara wa.

Mo nawọ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ máa ń yọ olùkọ́ mìíràn lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo wí, "àwa Yorùbá tí a ní 'ẹ kú' fún òjò, tí a ní in fún oòrùn, tí a ní in fún ìjókòó lásán, ṣé àwa náà ló tún yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, sà. 'Ẹ kú' mélòó lẹ ti kí ara yín láti àárọ̀?"

Sójà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé lẹ́bàá bárékè Ọ̀jọ́, yí sí mi láti ìjókòó rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ti mú yín o."

Mo tún padà lọ ní Sátidé kejì, bóyá torí ìbéèrè yẹn, bóyá torí pé táàmù ń lọ sópin. Lọ́jọ́ náà ó pín wa ní méjì-méjì. Ó ní kí oníkálukú sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ ohun tó máa ń sọ sí ara rẹ̀ bó bá ṣe àṣìṣe, kí ẹnìkejì wá sọ ọ́ padà sí i bó ṣe rí gan-an, kó lè gbọ́ ọ láti ìta. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ìbòrí fóònù nísàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n fi sọ́dọ̀ mi. Kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi.

"Sọ fún mi pé: ìwọ àgbàlagbà òmùgọ̀ yìí, kò sí nǹkan tó o mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. "Háà. Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Iṣẹ́ tí wọ́n ní ká ṣe ni."

"Ẹ̀yin lẹ máa gbàgbé tẹ́ ẹ bá délé. Tèmi, màmá mi á gbọ́."

Olùkọ́ wa ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. "Gbìyànjú ẹ̀. Bó bá ṣe lè gba ẹnu rẹ jáde ni kó o sọ ọ́."

Ọmọ náà tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí mi káàárọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbàlagbà òmùgọ̀ yìí… sà. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má bínú, sà."

Sójà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo èébú tó ń kúnlẹ̀!" Gbogbo yàrá dà rú. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi yọ awò ojú mi láti nu omi ojú, n kò sì rántí ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo tó rò ó débi tó yẹ. Kò sí alààyè kan tó ń pè mí ní "ìwọ" mọ́. Àwọn òbí mi ti lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ìyàwó mi "ẹ" ni, láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra títí dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ mi, àwọn aládùúgbò, ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró, "ẹ" ni gbogbo wọn. Ohùn kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní "o", nínú orí ara mi ló sì ń gbé. Ta ló fún un láṣẹ? Kò jù mí lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀. Mo ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dá a lóhùn bí ọmọdé tí àgbà ń bá wí, n kò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ rí.

Mo pinnu láàárín Iyana-Iba sílé pé láti òní lọ, bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni yóò máa fi bá mi sọ ọ́.

Mo sọ èyí fún wọn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti yanjú ìṣirò. Sójà náà mi orí rẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí 'ẹ' tàn yín jẹ. Ìyàwó mi ò pè mí ní 'o' rí, ṣùgbọ́n tó bá fi 'ẹ' gún mi, ó mú ju ọ̀bẹ lọ."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ni olùkọ́ wa wí. "'Ẹ' ti dá èébú yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ ohun tó gbé e wá. Lọ́jọ́ tí ẹ ní ògì yín ò dì, kí ló ṣe yín?"

"Ó ṣe mí bíi pé n kò wúlò."

"Ẹjọ́ lẹ dá fún ara yín yẹn, sà. Kí ló ń ṣe yín?"

"Mo rí i pé mo ti di ẹrù sí ọmọ mi lọ́rùn."

"Ẹjọ́ náà ṣì ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn adájọ́ lọ jẹun ná. Kí ló ń ṣe yín?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lọ nísàlẹ̀. Níkẹyìn mo ní, "Àárò ló ń sọ mí."

Ó mi orí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀.

Mo ti ń sọ èdè yìí láti ìgbà tí mo ti ń rákò, n kò sì kíyè sí i pé kò sọ mí di ìbànújẹ́ mi rí. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ojú ń tì mí. Àárò ń sọ mí. Nínú gbogbo wọn, nǹkan kan ló ń ṣe mí, èmi kọ́ ni nǹkan náà, ohun tó sì ń ṣeni lè ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n "òmùgọ̀ ni mí" kò rí bẹ́ẹ̀. "Ni" tó wà láàárín rẹ̀ ni àmì ìdọ́gba, apá ọ̀tún àti apá òsì sì di ọ̀kan náà títí ayé. Mo ti fa àmì yẹn sí iwájú àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fi í síbi tí wọn kò bá tíì fi ẹ̀rí gbè é. Èmi gan-an fi í síbi tí kò tọ́.

Ohun tí èèyàn mọ̀ lókè ilé kan ní Iyana-Iba kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a délé ní kíákíá. Mo ṣì máa ń bú ara mi, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn tó bá ti jáde. Ohun tó yí i padà ni ẹja.

Mo fẹ́ se ọbẹ̀ kan fún ọmọ-ọmọ mi, irú èyí tí ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń sè. Mo lọ sí Okokomaiko, mo dúró níwájú obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín.

"Bàbá, èwo lẹ fẹ́? Ṣáwá ni, kòtè ni, àbí pánla?"

Mo wo àwọn ẹja náà. Gbogbo wọn ló wò mí padà. Mo ti jẹ ẹja yẹn láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú, n kò sì béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

"Èyí tó máa ń wà nínú ọbẹ̀," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn ló ń wà nínú ọbẹ̀, Bàbá! Ìyàwó ló rán yín, àbí? Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n sọ fún wa."

"Kò ní lè gbé e."

"Ẹ tún pè wọ́n."

"Ó ti kú, ìyá mi."

Ó fi ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú." Kì í ṣe òun ló pa á, síbẹ̀ ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ni. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹlòmíràn á kọsẹ̀ lójú títì, àwa tí a jókòó jẹ́jẹ́ la ó ní "pẹ̀lẹ́". Mo ra ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà láìmọ̀ ọ́n, mo sì ń lọ sílé. N kò tíì sọdá títì tí ohùn náà fi dé. Ìwọ àgbàlagbà, ìwọ tí o jẹun lọ́wọ́ obìnrin fún gbogbo ọdún yìí…

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Mo sọ ọ́ sókè. Ọkùnrin kan tó ń tún táyà ṣe gbójú sókè, ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà, ẹ pẹ̀lẹ́ náà." N kò ṣàlàyé fún un.

Mo bi ara mi ní ohun tó ń ṣe mí. Ojú ń tì mí. Àárò ń sọ mí. Kí ni ọkàn mi ń wá? Kì í ṣe ìyà. Mo fẹ́ mọ ẹja náà ni. Kò sí ohun tó le nínú rẹ̀, kò sì sí ìyà kankan tó lè kọ́ mi ní orúkọ ẹja. Mo fi fóònù pe ọmọbìnrin mi lọ́jà, mo gbọ́ ariwo Alaba lẹ́yìn rẹ̀.

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Ẹja wo ni màmá rẹ máa ń fi se ọbẹ̀ Sátidé?"

Mo rò pé fóònù ti gé. Ohùn rẹ̀ ti yí nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Kòtè ni, Dádì. Wọ́n máa ń dín in díẹ̀ kí wọ́n tó kó o sínú ọbẹ̀. Èwo lẹ rà?"

"Mi ò mọ̀. Ó tóbi lórí, ó sì ń bínú sí mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín nínú ọjà. Pánla ni mo rà. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí táàmù ku díẹ̀ kó parí, mo bá ọmọbìnrin mi sọ ọ̀rọ̀ náà kó tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Kò rọrùn. Bàbá nílẹ̀ wa a máa pàṣẹ, bí kò bá sì fẹ́ pàṣẹ, a wúkọ́, ọmọ á mọ ohun tó fẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mo gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," mo wí. "Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀dọ̀ mi tó ń wá lọ́sàn-án ni ìgbà tí mo máa ń gbọ́ ohùn èèyàn. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kó ṣì máa wá."

Ó wò mí. "Ẹ̀ ń bẹ̀ mí, Dádì?"

"Mò ń bẹ̀ ọ́. O sì lè ní rárá."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ gbá etí tábìlì bí ẹni tó ń ro nǹkan. "Ọmọ yìí ní Gíráńpà máa ń kí ara wọn báyìí. Ó bi mí bóyá ọjọ́ ogbó ló fà á." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò bínú mọ́, Dádì. Ẹnu yín ti yí padà, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n rárá ni. Kì í ṣe rárá pátápátá. Àwa àgbà nìkan ló ń bá gbé, kò ní ẹgbẹ́. Ó máa lọ lẹ́sìnnì ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, kó lè bá àwọn ọmọ ṣeré. Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni tiyín."

Láti kékeré rẹ̀, kò tíì sọ rárá sí mi lójú rí. Mo dúró de ohùn inú mi láti wá sọ ohun tí mo jẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Inú àyà mi nìkan ló ń dùn mí.

"Ó dùn mí," mo wí.

"Èwo níbẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ọjọ́ méjì yẹn dùn mọ́ mi."

"Dádì, ẹ ti tún ń fi Yorùbá dárà." Ó dìde, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú díẹ̀ kó tó jáde. Kì í ṣe ohun tí a máa ń ṣe.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, ilé dákẹ́ ní àsìkò tí kò yẹ kó dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí, mo sì mọ ohun tí mo ń wá. Mo pe sójà.

"Ẹ wá ká ta dírááfù," mo wí. "Ilé dá páropáro."

"Ṣé àṣẹ ni àbí ẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, mò ń bọ̀. Àṣẹ ti sú mi láti bárékè."

Ó gbé pátákó tirẹ̀ wá, torí kò fọkàn tán tèmi. Ó jẹ mí. Ó tún jẹ mí, ó sì ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi yọjú láti ojú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ dírááfù jọ sínú àpò rẹ̀, ó rò pé ó ti tó mi.

Mo ní kó tún wọn tò sórí pátákó.